Ẹ̀rọ Orin Tí Ràsákì Fẹ́ Rà

Ọkùnrin tí kò fẹ́ràn orin ló jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ orin.

Bámikẹ́ ń di ẹnu àpò èèpo ẹ̀wà tó fẹ́ gbé lọ sí Alaba Rago, níbi tó ti ń ta oúnjẹ ẹran fún àwọn tó ń sin àgbò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí okùn. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀, bí ó ṣe máa ń wo àgbò tí ẹni tó ń tà á bá ti yìn ín jù.

“Ẹ̀rọ kí lẹ pè é?”

“Ẹ̀rọ orin. Àwọn tó ṣeé gbé kiri yẹn, tí wọ́n ń fi sétí. Kí n máa rí nǹkan gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù.”

“Ẹ̀yin?”

“Ó dáa,” ni Ràsákì wí, ó sì gba balùwẹ̀ lọ.

Bámikẹ́ dúró síbẹ̀. Kí ló dáa? Ta ló bi í pé ó dáa tàbí kò dáa?

Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, bí Ràsákì bá wọlé tó bá rédíò níbi tó ti ń sọ̀rọ̀, pípa ni yóò pa á. Á ní ariwo tí òun gbọ́ níta ti tó òun. Kò sì parọ́. Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tó ti Okokomaiko lọ sí Ìbà, iṣẹ́ ọ̀hún sì ju iṣẹ́ ọwọ́ lọ, iṣẹ́ etí ni. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣàìsàn wá, yóò ní kí ẹ tàn án, yóò ká apá méjèèjì pọ̀ sáyà, yóò gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí adìyẹ tó gbọ́ ìró àṣá. Kí ẹ tó ròyìn tán, ó ti sọ ọ́: fáàfù ni, tàbí kabúrétọ̀ ni, tàbí kí ẹ lọ sinmi, epo burúkú lẹ rà. Àwọn mẹkáníìkì mìíràn á tú ẹ̀rọ palẹ̀ kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Ràsákì kì í tú u. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń gbé tiwọn wá láti Navy Town, tí wọ́n ń fo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó wà lójú ọ̀nà kọjá.

Irú ọkùnrin yìí ló fẹ́ máa fi nǹkan dí etí nídìí iṣẹ́? Bámikẹ́ ò gbà. Kì í sì ṣe ẹ̀rọ orin ni nǹkan àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ lóminú.

Fóònù ló kọ́kọ́ rí. Fóònù á gbọ̀n lápò Ràsákì, á yọ ọ́, á wò ó, á dá a padà. Bí Bámikẹ́ bá bi í pé ta ni, á ní oníbàárà ni, òun ti ní kí wọ́n máa fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe? Ẹni tí iná ilé rẹ̀ kú, pípè ló ń pè, á tún fi èébú díẹ̀ kún un.

Lẹ́yìn náà ni ibùsùn. Ọkùnrin tó ti ń sùn síhà ògiri láti ọjọ́ pípẹ́ ní kí àwọn pààrọ̀ àyè. Bámikẹ́ bi í pé kí ló dé, ó ní ooru ń mú òun níhà ibẹ̀.

Èyí tó wá burú jù ni pé kò jà mọ́. Àwọn méjèèjì ti máa ń jà lórí ohun gbogbo: iyọ̀ ọbẹ̀, owó ilé, ẹni tó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún ẹ̀fọn. Ní báyìí, ohunkóhun tí Bámikẹ́ bá sọ, “Ó dáa.” Ó bi í pé ṣé kí òun san owó ilé báyìí ni àbí kí àwọn dúró dìgbà tí onílé bá tún òrùlé ṣe. “Ó dáa.” Ọkùnrin tó ń bá ìyàwó rẹ̀ jà ṣì ń gbé inú ilé. Èyí tí gbogbo nǹkan dáa lójú rẹ̀ ti ní ibòmíràn tó ń lọ.

Bámikẹ́ sì ti mọ ibòmíràn ọ̀hún, tàbí ó rò pé òun mọ̀ ọ́n. Hameedat ni orúkọ rẹ̀. Ó ń dirun ní ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí ti Ràsákì, ọmọbìnrin tó mọ́ lára, tí kò tíì lọ́kọ, tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ sì máa ń bàjẹ́ ju bí jẹnẹrétọ̀ ọmọlúwàbí ṣe yẹ kó máa bàjẹ́ lọ. Bámikẹ́ gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó bá àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n dúró sí. Hameedat ń sọ̀rọ̀, Ràsákì ń wò ó lẹ́nu. Kì í ṣe ojú ló ń wò. Ẹnu ni. Ó tẹjú mọ́ ètè ọmọ náà bí ẹni tí ebi ń pa. Bámikẹ́ gbé abọ́ kalẹ̀, ó yí padà sílé. Láti ọjọ́ náà, bí Hameedat bá kí i, ògiri ló ń wò.

Kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ ló ti sọ fún Ràsákì pé òun kò ní bá obìnrin mìíràn pín ọkọ. Kì í ṣe pé kò mọ ohun tí ẹ̀sìn gbà láyè. Ilé olórogún ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ní Ọ̀jọ́, ó mọ bí oúnjẹ ibẹ̀ ṣe máa ń korò. Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá dájú, òun á kó ẹrù òun. Ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ìkòkò kan ti lọ, àpótí aṣọ kan ti lọ, sọ́dọ̀ Hikmat ọmọ wọn tó wà nílé ọkọ ní Ìjànìkín. Ó sọ fún ọmọ náà pé yàrá ló há. Ohun tó kù ni kí ó dájú.

Nítorí náà, nígbà tí Ràsákì jáde láti balùwẹ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ tó ti wé gèlè.

“A jọ ń lọ ni,” ni Bámikẹ́ wí. “Àwọn tó ń ta ẹ̀rọ ní Alaba á rẹ́ yín jẹ.”

Ràsákì wò ó fún ìgbà díẹ̀. “Iṣẹ́ ń dúró dè ọ́ ní Rago.”

“Rago ò sá lọ.”

Nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá tó gbé wọn, Bámikẹ́ rò ó. Ẹ̀rọ tí ọkùnrin fẹ́ fi ṣe ohun ìkọ̀kọ̀, báwo ló ṣe yẹ kó rí? Hikmat ti sọ fún un rí pé àwọn ọ̀dọ́ máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ara wọn, tí wọ́n á máa tún un gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ohùn ọmọbìnrin yẹn ni Ràsákì fẹ́ máa fi sétí, ẹ̀rọ náà á kéré, kó lè pamọ́. Inú rẹ̀ á gba nǹkan púpọ̀, nítorí ẹnu obìnrin kì í rẹ̀ bí ìfẹ́ bá ṣì tuntun. Kò sì ní wọ́n, nítorí ahun ni Ràsákì, ìfẹ́ kì í wo ahun sàn. Bó ṣe kéré tó, bí inú rẹ̀ ṣe gbà tó, iye tó máa san. Bí ọkọ òun bá ṣe yan ẹ̀rọ náà ni òun máa fi mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n yà sí, ọmọ Ìjẹ̀bú kan tó ń jẹ́ Ṣọlágbadé ló ni ín. Wọn kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì wọlé tí ẹnu rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

“Ẹ káàbọ̀, Màmá mi! Bàbá mi, ẹ káàbọ̀! Ẹ wọlé, ẹ gbatẹ́gùn. Ilé ìdùnnú lẹ dé yìí. Ohun tí ẹ bá rà lọ́wọ́ Ṣọlágbadé, ẹ rà á fún ọmọ-ọmọ yín ni.”

“Èló ni ìdùnnú?” ni Bámikẹ́ bi í.

Ṣọlágbadé rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ó ti ń dúró dè é. Ó to ẹ̀rọ mẹ́ta sórí gíláàsì. Àkọ́kọ́ kò ju páálí ìṣáná lọ, ó ní ohun tí wọ́n fi ń há a mọ́ aṣọ. Èkejì fẹ̀ díẹ̀, ó lójú bíi ti fóònù. Ẹ̀kẹta tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ, ohun tí wọ́n sì fi ń gbọ́ ọ kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò etí. Ó dà bí igbá kékeré méjì, ó pupa fòò, ó ń bo gbogbo etí mọ́lẹ̀.

“Èyí kékeré yìí, Mummy, ẹ má wo ìdúró ẹ̀. Gíìgì mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ẹ̀! Tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin inú ẹ̀ lónìí, ẹ máa di ìyá àgbà kó tó tán.”

“Ìyá àgbà ni mí tẹ́lẹ̀. Kí ni gíìgì?”

“Ààyè ni, Màmá mi. Ààyè tí orin ń gbé.”

“Ṣé ìwọ lo wọ̀n ọ́n?”

“Wọ́n kọ ọ́ sára páálí.”

“Wọ́n máa ń kọ ‘ojúlówó’ náà sára páálí ayédèrú.”

Ní Rago, Bámikẹ́ ti rí àgbò tí wọ́n fún ní iyọ̀ lá kí ó lè mumi yó, kí ikùn rẹ̀ sì yọ lójú ẹni tó fẹ́ rà á. Oníbàárà á fa ẹran lọ tayọ̀tayọ̀, àgbò á tọ̀ ọ́ dà tán lọ́nà. Ó gbà pé gíìgì náà lè jẹ́ omi.

Ó yí sí ọkọ rẹ̀. “Ẹ wo kékeré yìí ná.”

Ràsákì kò wo kékeré. Ẹ̀kẹta ló ti mú. Ó ti gbé nǹkan pupa náà lé orí, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí tó wà lára ògiri, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, bí ẹni tó ń wò ó bóyá fìlà yẹ òun.

Ọkàn Bámikẹ́ dàrú. Ẹni tó fẹ́ fi nǹkan pamọ́ kò ní ra èyí tí èèyàn máa rí láti òdìkejì títì.

“Bàbá mọ nǹkan!” ni Ṣọlágbadé pariwo. “Ọba nínú wọn nìyẹn. Ìyẹn, gíìgì méjìlélọ́gbọ̀n.”

“Níbo ni gíìgì ọ̀hún wà?” ni Bámikẹ́ wí. “Fi hàn mí. Má fẹnu sọ ọ́.”

Ṣọlágbadé gba ẹ̀rọ náà, ó fi èékánná tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, káàdì kan tí kò tó ẹ̀wà yọ síta. Ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́ Bámikẹ́. “Ilé orin nìyẹn, Màmá. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀, ihò lásán ni, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Inú káàdì yẹn ni gbogbo orin wà. Mo ti kó o kún fún yín, ọ̀fẹ́.”

Bámikẹ́ yí káàdì náà síwá sẹ́yìn. Ṣọlágbadé dá ẹ̀rọ padà fún Ràsákì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń wá páálí. Láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ló ti dá iye rẹ̀: “Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n péré, Bàbá, nítorí ojú yín!”

Ràsákì rí i pé Bámikẹ́ yíjú sí òun. “Ó dáa,” ó ní.

Ṣọlágbadé gbórí sókè. Òun gan-an, ẹnu yà á. Ní Alaba, iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá, ìkésíni sí ìjà ni. Kò sí ẹni tó ń gbà á bẹ́ẹ̀, àfi ẹni tí kì í ṣe owó rẹ̀. Ràsákì tó ń bá ẹlẹ́kọ jà lórí ewé!

Ó tóbi. Kò béèrè ohun tí inú rẹ̀ gbà. Kò dúnàá-dúrà. Gbogbo ohun tí Bámikẹ́ gbé lé ìwọ̀n nínú kẹ̀kẹ́, kò sí ọ̀kan tó wọ̀n bó ṣe rò.

“Ẹ jẹ́ ká tẹ́sítì ẹ̀, Bàbá,” ni Ṣọlágbadé wí. Àṣà ọjà náà nìyẹn. Ohun tí ẹ kò bá dán wò níbẹ̀, ẹ má gbé e padà wá. Ó tan ẹ̀rọ náà, iná kékeré kan ràn lára rẹ̀, ó gbé igbá pupa méjèèjì lé Ràsákì létí, ó na àtàńpàkò sókè láti bi í bóyá ó ń dún. Lẹ́yìn náà ló sáré lọ dá ẹnì kan lóhùn lẹ́nu ọ̀nà.

Ràsákì mi orí. Ó tún mi orí. Ó fi ìka lu gíláàsì, kó-kó, kó-kó-kó. “Ó dùn!” ó pariwo. “Ó dùn gan-an!”

Bámikẹ́ ń wò ó. Ó rántí pé nǹkan kan wà lọ́wọ́ òun. Ó la ọwọ́.

Káàdì náà wà níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé Ràsákì ń fi òun ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni Ràsákì ń wò. Ó di ojú méjèèjì, ó ń jó pẹ̀lú ọrùn, orin kankan kò sì sí níbẹ̀. Bámikẹ́ rìn lọ sẹ́yìn ọkọ rẹ̀, ó dúró gbọnin, ó sì ṣe ohun tí kò ṣe rí láti ọjọ́ tó ti wọ ilé rẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba.

“Ràsákì.”

Kó-kó-kó, lórí gíláàsì.

Ó gbé ohùn sókè, ohùn tó fi ń lé ewúrẹ́ kúrò nídìí àpò. “Ràsákì ọmọ Bùràímọ̀! Òpùrọ́ ni ọ́!”

“Yéè!” Ṣọlágbadé lẹ́nu ọ̀nà gbá àyà mú. “Màmá! Ẹ pe Bàbá lórúkọ? Kí ni Bàbá ṣe?”

Àjèjì gbọ́, ó fò sókè. Ọkọ rẹ̀ kò yíjú padà. Ó ṣì ń lu gíláàsì.

Bámikẹ́ fọwọ́ ti tábìlì. Fóònù tí kì í gbé. Ọ̀rọ̀ tí ó ní kí wọ́n máa fi ránṣẹ́. “Ó dáa” tó ń dáhùn sí ohun tí ẹnikẹ́ni kò bi í. Ibùsùn, bóyá etí kan ṣì ń gbọ́ díẹ̀ ju èkejì lọ. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ti jẹ etí náà tán, díẹ̀díẹ̀, bí ikán ṣe ń jẹ òpó. Ẹ̀rọ pupa yìí kì í sì ṣe fún orin. Àwọn èèyàn ni wọ́n máa rí i, tí wọ́n á sọ pé, ẹ fọwọ́ kàn án, orin ló ń gbọ́. Ta ló máa gbé jẹnẹrétọ̀ wá fún ẹni tí kò gbọ́ ọ?

Bámikẹ́ na káàdì sí Ṣọlágbadé.

“Gba gíìgì ẹ. Yọ owó ẹ̀ kúrò.”

“Láìsí káàdì, Màmá? Kí ni Bàbá fẹ́ máa gbọ́?”

“Ìwọ lo sọ pé ihò lásán ni. Owó ihò lásán ni mo máa san.”

“Mummy, láti àárọ̀ ni mo ti ń fi ọ̀rọ̀ dídùn yọ owó lápò èèyàn, n kò tíì pàdé irú yín.”

“Wàá tún pàdé mi tí o kò bá já a wálẹ̀.”

Ó já a wálẹ̀. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, ìlàjì àti díẹ̀ ni wọ́n fàbọ̀ sí. Ràsákì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kọ́rùn, ó rìn jáde bí ọkọ ìyàwó.

Lọ́nà ilé, àánú ọkùnrin náà ṣe Bámikẹ́ títí kẹ̀kẹ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Okokomaiko. Ibẹ̀ ló ti rántí Hameedat. Etí dí, ojú kò dí. Adití náà ń fẹ́ obìnrin. Ọkùnrin tó tẹjú mọ́ ètè ọmọ ọlọ́mọ, kí ni etí fẹ́ ṣe fún un níbẹ̀?

Lọ́jọ́ kejì, kò lọ sí Rago. Ó gbé ẹ̀wà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀, ó ní ilé móoru, ó jókòó sórí táyà, ó ń ṣa òkúta kúrò. Ojú kan wà lára ẹ̀wà, ojú kejì wà lódìkejì títì.

Ẹ̀tàn náà ń ṣiṣẹ́. Ó yà á lẹ́nu bó ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Àwọn oníbàárà ń dé, wọ́n ń rí nǹkan pupa náà, wọ́n ń juwọ́, wọ́n ń fọwọ́ kan Ràsákì léjìká. “Bàbá ti di ọ̀dọ́ o!” Ràsákì á rẹ́rìn-ín, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́, bí ìyá tó ń wo ibà lára ọmọ, á sọ ohun tó ń ṣe é. Bámikẹ́ kò mọ ìgbà tó fi ọwọ́ rọ́pò etí. Kò sì mọ bóyá ọwọ́ náà máa ń mọ̀ ọ́n nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn ọ̀sán ni Àlàó dé, lánlọ́ọ̀dù kan ní Ìbà tí gbogbo èèyàn mọ̀ fún ohùn rẹ̀. Ó ní kí ẹni tó ń bá a ti bárò gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yìn Ràsákì ló dúró sí.

“Ràsákì! Nǹkan yìí ń dún kà-kà-kà! Kí ló wà nínú ẹ̀?”

Ràsákì ń nu pọ́lọ́ọ̀gì kan.

“Ràsákì!”

“Orin ló ń gbọ́,” ni Bámikẹ́ wí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ bí òkúta tó ń ṣà.

“Orin wo? Ẹni tí mo fẹ́ kó fetí gbọ́ ẹ̀rọ mi ló fi nǹkan dí etí?” Àlàó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ fún àwọn tó ń kọjá. “Wọ́n ti ń sọ ọ́ ní Ìbà pé Ràsákì kì í dá èèyàn lóhùn mọ́. Mo ní kí n wá fojú ara mi rí i. Àbí nǹkan ń ṣe é ni? Ẹ jẹ́ n gbọ́ orin ọ̀hún!”

Àlàó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fa nǹkan pupa náà kúrò lórí Ràsákì. Ràsákì ta gìrì, pọ́lọ́ọ̀gì bọ́. Ẹ̀wà Bámikẹ́ dà sílẹ̀ bó ṣe dìde. Ó mọ ohun tó wà níbẹ̀: kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bí Àlàó bá gbé e sétí, kí wọ́n tó kírun ìrọ̀lẹ́ ni gbogbo Ìbà á ti gbọ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, Lánlọ́ọ̀dù, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ gbọ́ ọ!”

Hameedat ni. Ó ti sá dá títì kọjá tòun ti ìyarun lórí. Ó gba nǹkan náà mọ́ Àlàó lọ́wọ́, ó gbé e sétí. Ó dákẹ́ díẹ̀. Bámikẹ́ rí ìdákẹ́jẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni Hameedat ju ìdí, ó fọwọ́ gbá itan.

“Háà! Orin àwọn ìyá wa! Lánlọ́ọ̀dù, èyí kì í ṣe tiyín, wọ́n ń bú àwọn tó ń fowó kún owó ilé níbẹ̀!”

Àwọn tó dúró bú sẹ́rìn-ín. Àlàó náà fẹ́ máa bínú, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Kí ó tó rántí ohun tó ń wá, Hameedat ti yí bọ́ síwájú Ràsákì, ó gbé ojú sókè síbi ìmọ́lẹ̀, ó la ẹnu dáadáa, kò pariwo. “Bàbá, Lánlọ́ọ̀dù ní ẹ̀rọ àwọn ń dún kà-kà-kà.”

Ràsákì wò ó lẹ́nu. Ìwò tí Bámikẹ́ rí lọ́jọ́sí gan-an ni. “Ẹ tàn án,” ó ní. Ó tẹ́ ọwọ́ sí i lára, ó ṣí i nípò, ó tún tẹ́ ẹ. Ó pẹ́ díẹ̀. Àlàó ń wò ó, Bámikẹ́ ń wo Àlàó. “Kò ṣàìsàn,” ni Ràsákì wí nígbẹ̀yìn. “Bóòtù ìsàlẹ̀ ló tú, ara ẹ̀ ló ń gbá irin.” Ó mú sípánà, ó fún un. Kà-kà-kà dákẹ́. Àlàó sanwó, ó ní wọ́n gbà á jù, ó bá ẹrù rẹ̀ lọ.

Bámikẹ́ mú Hameedat lápá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Orin wo lo gbọ́?”

“Èyí tí ẹ̀yin náà gbọ́, Ìyá Hikmat.”

“Ìgbà wo lo ti mọ̀?”

“Ó ti pẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó tọ́ mi kì í gbọ́ràn. Mo mọ bí ojú wọn ṣe máa ń rí bí wọ́n bá ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn.”

“O mọ̀, o ò sọ fún mi.”

“Ẹ̀yin tí mo bá kí, tí ẹ ń wo ògiri?” Hameedat wò ó dáadáa, ó sì bú sẹ́rìn-ín. “Àbí ẹ rò pé mò ń gba ọkọ yín ni? Ọkọ yín tó ń rùn bí ilé epo yìí? Ẹ gbà, mo jẹ́ kí ẹ mú un!”

Bámikẹ́ kò lè rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó jí ọkọ òun. Ṣùgbọ́n obìnrin mìíràn ti mọ nǹkan kan nípa ọkùnrin tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, ó ti mọ̀ ọ́n kí òun tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn sì dùn ún níbi tí olórogún ì bá ti dùn ún.

“Báwo lo ṣe ń sọ ọ́ tó fi ń yé e?” ó bi í nígbẹ̀yìn.

“Ẹ má pariwo. Ariwo máa ń wọ́ ẹnu, kò ní yé wọn. Ẹ bọ́ síwájú, ẹ sọ ọ́ bí ẹ ṣe ń sọ ọ́.”

Bámikẹ́ lọ lóṣòó síwájú ọkọ rẹ̀. Ràsákì ti gbé nǹkan pupa náà padà sórí, kò sì gbójú sókè. Bámikẹ́ yọ ọ́ fún un.

“Mo rò pé ẹ ní obìnrin níta,” ó ní.

Ràsákì ń wo ẹnu rẹ̀. “Kí ni mo ní?”

“Obìnrin!”

Ojú Ràsákì là. Ẹ̀rín gbé e débi tó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú epo. “Èmi? Owó wo ni mo fẹ́ fi bọ́ ọ?” Ó rẹ́rìn-ín títí, ó sì rí i pé Bámikẹ́ kò bá òun rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ojú ìyàwó rẹ̀ wò. “O ti mọ̀,” ó ní.

“Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún mi?”

“Nítorí ẹnu rẹ.” Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, kò le. “O kì í parọ́, Bámikẹ́. Bí wọ́n bá bi ọ́ ní Rago pé ọkọ rẹ ńkọ́, wàá sọ ọ́ bó ṣe rí. Wàá ní ó ti dití. Kò ní tó ìrọ̀lẹ́, Navy Town ti gbọ́. Gbogbo èèyàn ni mo ń sá fún, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo sá fún jù.”

Bámikẹ́ mọ̀ pé bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbogbo ayé rẹ̀ ló fi ń ṣọ́ àwọn ẹlẹ́nu dídùn. Kò rò ó rí pé ẹnì kan nínú ilé òun ń ṣọ́ òun nítorí pé ẹnu òun kò dùn.

“Ẹ kú iṣẹ́ níbí o!”

Obìnrin kan ló dúró sẹ́yìn Ràsákì, ó ru jẹnẹrétọ̀ kékeré kan lórí. “Ẹ kú iṣẹ́! Ṣé Bàbá tó ń tún un ṣe nìyí? Kí ló dé tí wọn ò dáhùn?”

Ràsákì kò mọ̀ pé èèyàn dé. Ojú ìyàwó rẹ̀ ló ń wò. Bámikẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tó ń bọ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó le, òtítọ́ sì ni. Ó gbé e mì. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ nù lára ìró.

“Ẹ bọ́ síwájú wọn níhìn-ín,” ó sọ fún obìnrin náà. “Wọn kì í fẹ́ kí oníbàárà dúró sẹ́yìn àwọn.”

Ó tún ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn gbé yẹ̀wò nínú ara rẹ̀. Kò rí irọ́ níbẹ̀. Obìnrin náà bọ́ síwájú, Bámikẹ́ sì bá a sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀.